Èwo Nínú Àwọn Fíìmù Ayé Àtijọ́ Yìí Ni Kí N Bá Bàbá Mi Wò?

Ìbéèrè

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Bàbá mi ń bọ̀ láti Ìkìrun wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ojú wọn sì ti ń ṣe bàìbàì díẹ̀. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ti wọ yunifásítì, ṣùgbọ́n Yorùbá tó bá ti kọjá ti ìkíni àti ti oúnjẹ ti ń fẹ́ ìtumọ̀ fún wọn. Mo fẹ́ kí gbogbo wa jọ jókòó wo fíìmù ní alẹ́ Sátidé, dátà tí mo ní kò sì lè gbé ju fíìmù kan lọ, tàbí méjì bí mo bá ṣọ́ ọ ná. Mo ti gbọ́ orúkọ Aníkúlápó, Jagun Jagun, House of Ga'a àti Lísàbí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu, pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn: ọba á burú, ogun á dé, wọn á pe ọfọ̀, obìnrin kan á sì dalẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Èwo lẹ wò, kí lẹ sì rí níbẹ̀?

* * *

Ẹ kú ìmúra Baba o. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tó ní ọ̀kan náà ni gbogbo ọbẹ̀ nítorí pé ata wà nínú gbogbo wọn.

Aṣọ ni mò ń rán ní Ìbàdàn. Tẹlifíṣọ̀n kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, ìyá mi sì máa ń jókòó sídìí rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí a ó fi ti ilẹ̀kùn. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni wọ́n, iṣẹ́ òfì ni bàbá wọn fi tọ́ wọn dàgbà. Wọn kò ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì kankan. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ní tiwọn kì í gbé ojú kúrò lára ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọjá nísàlẹ̀ fíìmù, kódà àwọn tó gbọ́ Yorùbá dáadáa nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ irú ilé tí ẹ ń sọ.

Láti ọdún tí a ti ń wo àwọn fíìmù wọ̀nyí, mo ti rí i pé ojú ni àwọn ọmọ fi ń wò wọ́n, etí ni ìyá mi fi ń wò wọ́n. Èyí tó bá dùn ún gbọ́, wọn kì í dìde nídìí rẹ̀. Èyí tó bá kàn dùn ún wò lásán, oorun á ti gbé wọn lọ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Bí ojú Baba bá ti ń ṣe bàìbàì gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí, ẹ má fi bí àwòrán ṣe ń dán tó yan fíìmù fún wọn, etí ni kí ẹ fi yàn án. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni àwọn fíìmù mẹ́rin wọ̀nyí ti yàtọ̀ síra wọn jìnnà.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí Aníkúlápó, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ dárúkọ, òun náà ló sì ṣíwájú nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kúnlé Afọláyan ló darí rẹ̀, ó dé orí Netflix ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Sàró, ọkùnrin ahunṣọ kan tó wọ ìlú Ọ̀yọ́ láìní ẹbí láìní ojúlùmọ̀, fẹ́ Àrólákẹ́, olorì ọba, ní kọ̀rọ̀. Wọ́n pa á, ẹyẹ àkàlà sì jí i, agbára jíjí òkú sì bọ́ sí i lọ́wọ́.

Nígbà tí Sàró jókòó sídìí òfì, ìyá mi fa àga wọn sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n na ọwọ́ sí ojú rẹ̀, wọ́n ń fi ìka tọ ibi tí ọkọ̀ òfì máa ń gbà wọlé àti ibi tó máa ń gbà jáde, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn méjèèjì sì ń tẹ ilẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ àga, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, gẹ́gẹ́ bí bàbá wọn ti máa ń ṣe. Bàbá náà ti kú láti ohun tó lé ní ogójì ọdún. N kò rí i kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó bá ní nǹkan kan náà ni gbogbo fíìmù yìí, kó wá bi mí nípa ọjọ́ náà.

Ní ti àríyànjiyàn tó wà nílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó dáhùn ṣáájú mi ló ní Àrólákẹ́ ló dalẹ̀, pé òun ló gba agbára ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó sì sá lọ. N kò gbà. Àrólákẹ́ ló dúró ti òkú Sàró nínú igbó, òun ló lé ẹyẹ náà títí ó fi já àdó tí agbára náà wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Sàró ni ọlá dé bá tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó obìnrin jọ, tó sì ní àfi kí ọba fún òun ní ọmọbìnrin rẹ̀ kí òun tó jí ọmọkùnrin rẹ̀ tó kú. Ta ló wá dalẹ̀ níbẹ̀? Ẹni tó gba ohun tó fún ènìyàn padà kọ́ ni ọ̀dàlẹ̀.

Bí mo ti fẹ́ràn rẹ̀ tó, n kò ní ní kí ẹ fi í ṣe ti alẹ́ Sátidé. Àwọn ìran orí ibùsùn kan wà níbẹ̀ tí bàbá àgbà àti ọmọ-ọmọ kò gbọdọ̀ jọ máa wò nínú yàrá kan ṣoṣo. Ọmọṣẹ́ mi kan ní láti díbọ́n pé òun ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Ẹ wò ó fúnra yín lọ́jọ́ mìíràn.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó ń gbé ní Manchester kọ̀wé pé ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ fíìmù ló gba òun là, pé láìsí i, àwọn ọmọ òun tí wọ́n bí sí ọ̀hún kò ní mọ ohun tí wọ́n ń wò. Mo gba ti ẹ̀gbọ́n, n kò sì sọ pé kí a pa á rẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ó ń jí nǹkan jẹ, àwọn tó ń kà á kò sì mọ̀ pé wọ́n ti jí nǹkan wọn.

Ẹ wo ìtàn Gáà, Baṣọ̀run Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe House of Ga'a. Wọ́n ní Gáà fẹ́ fi àgbọ̀nrín ṣe ètùtù, wọn kò rí àgbọ̀nrín mú, ó sì ní kí wọ́n mú Agbọ̀nyín, ọmọbìnrin Aláàfin Abíọ́dún, nítorí pé orúkọ ọmọ náà kò yàtọ̀ sí orúkọ ẹran náà lẹ́nu ará Ọ̀yọ́. Gbogbo ìkà ibẹ̀, inú orúkọ yẹn ló wà. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu pa ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì á rí ọmọbìnrin kan tí wọ́n fi rúbọ, á káàánú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó mú kí ìyá mi gbé ọwọ́ lé orí kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láé. Bẹ́ẹ̀ náà ni oríkì. Oríkì tí òṣèré fi odidi ìṣẹ́jú kan kì á di gbólóhùn kan péré nísàlẹ̀, bí ẹni pé ó kàn ní “Ẹ kú àbọ̀”.

Ohun tí mo ṣe ní ṣọ́ọ̀bù nìyí, bóyá á wúlò fún yín. Ní ọjọ́ kan mo pa ìtumọ̀ náà fún ìdajì wákàtí àkọ́kọ́. Àwọn ọmọṣẹ́ kùn gidigidi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀kan yíjú sí ìyá mi, ó ní, “Mama, kí ni ìlàrí?” Ìyá mi sọ fún un pé ìránṣẹ́ Aláàfin ni, pé orí wọn ni wọ́n máa ń fá lápá kan kí gbogbo ayé lè dá wọn mọ̀, àti pé bí ìlàrí bá dúró níwájú rẹ, ọba ló dúró yẹn. A dá fíìmù dúró. Ọ̀rọ̀ ìlàrí di ọ̀rọ̀ ààfin, ọ̀rọ̀ ààfin di ọ̀rọ̀ bàbá wọn tó máa ń hun sányán, baba aṣọ, fún àwọn ìjòyè. Mo ní aṣọ ìgbéyàwó méjì láti parí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n n kò lè ní kí wọ́n dákẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi ní Manchester, bí àgbàlagbà kan bá wà nínú ilé, ẹ pa á fún ìgbà díẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ fi í sílẹ̀.

* * *

Wọ́n ní kí n sọ ti Jagun Jagun, nítorí mo fò ó.

N kò fò ó láti fi í wọ́lẹ̀. Fẹ́mi Adébáyọ̀ ló gbé e jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe Ògúndìjì, jagunjagun tí àwọn ọba ń yá lò tó sì wá ń ba àwọn ọba lẹ́rù. Lateef Adédiméjì ṣe Gbọ́tìjà, ọmọkùnrin tí igi ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọn ò sì kọ̀ kí wọ́n tún un wò. Ní tèmi, ìjà ibẹ̀ pọ̀ jù, orí tí wọ́n ń bẹ́ pọ̀ jù, ariwo orin tí wọ́n fi sábẹ́ ọ̀rọ̀ sì ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ nígbà mìíràn. Ìyá mi sùn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ọfọ̀ ni wọ́n ń jí, wọ́n á gbé orí sókè, wọ́n á sì máa gbè é pẹ̀lú ètè láìmú ohùn jáde.

Arábìnrin kan ní òun kò fẹ́ kí àwọn ọmọ òun máa gbọ́ ọfọ̀, pé awo ni. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ rẹ̀, onígbàgbọ́ ni èmi náà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ní ìgbín kì í tẹnu mọ́ igi kó má gùn ún, èdè ló ń sọ. Ó wo ìgbín, ó wo igi, ó sì fi ohun tó rí pe ohun tó ń fẹ́. Mo mọ ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò mọ̀ pé Yorùbá lè dùn tó bẹ́ẹ̀ àfi ìgbà tí wọ́n gbọ́ ọfọ̀ nínú fíìmù. Kí òbí jókòó tì wọ́n, kó ṣàlàyé ohun tó bá yẹ.

* * *

Ní kúkúrú, lórí ọ̀rọ̀ aṣọ, nítorí pé ẹni mẹ́ta ló ti bi mí gẹ́gẹ́ bí aránṣọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo máa ń rí ojú ẹ̀rọ ìránṣọ lára bùbá àwọn ará ayé àtijọ́ nínú ọ̀pọ̀ fíìmù wa. Mo máa ń rí ibi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ dí etí aṣọ kó má baà tú, mo sì máa ń rí sányán tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ńlá ló tẹ̀ ẹ́ jáde, tí kò mọ òfì rí. Òfì gidi, tín-ín-rín ni wọ́n ń hun ún, wọn á wá rán an pọ̀ ní ọ̀já ọ̀já, ojú ìrán yẹn sì máa ń hàn bí ènìyàn bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ó máa ń dùn mí, nítorí pé àwọn tó ń hun ún ṣì wà ní Ìṣẹ́yìn lónìí, wọn ò sì jìnnà. Ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó pa fíìmù nítorí ojú ẹ̀rọ. Mo ti rí ẹni tó pa fíìmù nítorí pé ọba ayé àtijọ́ sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá báńkì.

* * *

Bàbá kan kọ̀wé pé gbogbo èyí tí à ń wò báyìí kò tó nǹkan, pé Saworoidẹ ni fíìmù, àwọn ìyókù ń ṣeré. Ọ̀pọ̀ ló fi ọwọ́ sí i.

Saworoidẹ jáde ní ọdún 1999. Túndé Kèlání ló darí rẹ̀, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, Adébáyọ̀ Fálétí sì ṣe Ọ̀pálàbà nínú rẹ̀. Ẹ wo orúkọ méjì tó gbẹ̀yìn yẹn: ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ ìwé Yorùbá ló kọ ọ̀rọ̀ náà, òǹkọ̀wé Yorùbá mìíràn ló sì ń sọ ọ́. Kò yani lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ Ọ̀pálàbà ṣì wà lẹ́nu àwọn ènìyàn títí di òní. Níbẹ̀ mo wà pẹ̀lú bàbá.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn ni pé wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé ohun tó dára ti parí ní 1999. Kúnlé Afọláyan tó darí Aníkúlápó wà nínú Saworoidẹ fúnra rẹ̀, òun ló ṣe Arẹ̀sẹ̀jábàtà. Ọwọ́ àwọn àgbà ni àwọn ti òde òní ti gba iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, kí a sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn káàsẹ́ẹ̀tì tí a rà láyé ìgbà náà, ohùn wọn kò já gaara, afẹ́fẹ́ a máa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, àwòrán a sì máa wárìrì. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ti òde òní mú lọ́wọ́ àwọn àgbà ni kí wọ́n wá ẹni tó mọ èdè jókòó ti ìwé eré kí wọ́n tó tan kámẹ́rà. Owó tí wọ́n ń ná sórí ẹṣin kan ṣoṣo á tó san owó iṣẹ́ rẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti ya sí Gangs of Lagos, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí olùbéèrè bi wá, nítorí ìtàn ayé òde òní ni. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó ti dá a sílẹ̀, èmi náà á sọ díẹ̀. Fíìmù náà jáde lórí Prime Video ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, wọ́n sì gbé aṣọ Ẹ̀yọ̀ wọ àwọn apànìyàn nínú rẹ̀. Ìbínú yín yé mi. Aṣọ funfun náà, àkẹtẹ̀ àti ọ̀pámbàtà kì í ṣe aṣọ ìṣeré, ó ní ìdílé tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn kan ní ìtàn lásán ni, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Èmi tí mò ń rán aṣọ mọ̀ pé aṣọ máa ń sọ̀rọ̀ kí ẹni tó wọ̀ ọ́ tó sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì yá a lò gbọ́dọ̀ bi ẹni tó ni ín. Mo dákẹ́ níbẹ̀.

* * *

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n padà sí ohun tí wọ́n bi wá, nítorí pé méjì tó kù ni mo fẹ́ kí ẹ wò, mo sì fẹ́ kí ẹ wò wọ́n tẹ̀ léra.

House of Ga'a, tí Bọ́láńlé Austen-Peters darí, jáde ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2024. Baba yín kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ẹni tí Gáà jẹ́ fún wọn. Baṣọ̀run Ọ̀yọ́ ni, olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn afọbajẹ, ẹni tó ń fi ọba jẹ tó sì ń ní kí ọba lọ kú, láti nǹkan bí ọdún 1754 títí di 1774 tí ti òun náà fi dé. Aláàfin Awọ́nbíojú, Agbólúajé, Májẹ̀ógbé, gbogbo wọn ló bá a pàdé. Kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀ rárá, orúkọ rẹ̀ ṣáà jáde lójú tẹlifíṣọ̀n, mo kà á fún ìyá mi, wọ́n sì dáhùn pé: “Bí o láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o sọ òtítọ́.” Àwọn ọmọṣẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ òwe náà láìmọye ìgbà kò mọ̀ pé ènìyàn gidi ni Gáà.

Fẹ́mi Branch ló ṣe Gáà, ohùn rẹ̀ ló sì gbé fíìmù náà dúró. Kì í pariwo. Àbùkù fíìmù náà lójú mi ni pé ó ń sáré: ogún ọdún ìkà kò rọrùn láti dì sínú nǹkan bí wákàtí méjì, ọba á jẹ, ọba á kú, kí àánú rẹ̀ tó ṣe ọ́, òmíràn ti jókòó. Ẹni tó bá ka eré onítàn tí Fálétí kọ lórí Gáà nílé ìwé á rí ohun tó sọnù. Síbẹ̀, nígbà tí Abíọ́dún dìde sí Gáà, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló dìde pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ wá wo Lísàbí. Níyì Akínmọ́láyàn ló darí rẹ̀, apá kìíní jáde ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, apá kejì ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ọdún 2025. Àgbẹ̀ ni Lísàbí láàárín àwọn Ẹ̀gbá, nígbà tí Ẹ̀gbá ń sìn Ọ̀yọ́ tí àwọn ìlàrí sì ń gba ohun tó wù wọ́n lọ́wọ́ àwọn onílé. Ìtàn ní àáró ló fi bẹ̀rẹ̀: mo bá ọ ro oko lónìí, o bá mi ro tèmi lọ́la. Ó bá gbogbo ènìyàn ro oko tiwọn, nígbà tó kan tirẹ̀, ogun ló ní kí wọ́n bá òun jà. Ẹgbẹ́ alájọro-oko di ẹgbẹ́ ológun láìjẹ́ pé Ọ̀yọ́ fura.

Ohun tí fíìmù méjèèjì kò sọ fún yín, àfi bí ẹ bá wò wọ́n tẹ̀ léra, ni pé gẹ́gẹ́ bí àwọn ìwé ìtàn ti kọ ọ́, Abíọ́dún kan náà tí a ń káàánú nínú ti Gáà ló wà lórí ìtẹ́ nígbà tí Lísàbí dìde. Ọdún díẹ̀ péré ló wà láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ló dá ìjà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyá mi, ọmọ Ìṣẹ́yìn, fi ọwọ́ sọ̀yà, wọ́n ní ayé Abíọ́dún dára, wọ́n ní ẹnu àwọn àgbà kò parọ́: “Láyé Abíọ́dún la fi igbá wọn owó.” Ọmọṣẹ́ mi kan wà tó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í dá àgbà lóhùn. Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Mama, ẹ má bínú. Ta ló ni owó tí wọ́n ń fi igbá wọ̀n?”

Ìyá mi kò fèsì lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ń wo ojú tẹlifíṣọ̀n tí ó ti ṣókùnkùn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ní kí ó dìde, pé kí ó tún apá kìíní gbé sí i, pé wọn kò fi etí sí i dáadáa.

* * *

Lórí pípín tí wọ́n pín Lísàbí sí méjì: ẹ̀yin tí ẹ ní ìrẹ́jẹ ni, inú bí èmi náà lọ́dún 2024. Fíìmù dé ibi tó dùn, ó dúró, a sì fi oṣù mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ retí ìyókù, gẹ́gẹ́ bíi ti ayé káàsẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa ń ní kí a máa retí apá kejì tí apá kejì kò sì ní dé. Ṣùgbọ́n èyí dé, apá méjèèjì ló sì wà nílẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó lónìí kò ní ìdí láti bínú, kó ṣáà mọ̀ pé dátà fíìmù méjì ni.

* * *

Olùbéèrè ti padà wá, ẹ ṣeun. Ẹ ní Baba ti dé láti àná, pé àwọn ọmọ ń fẹ́ Jagun Jagun, àti pé ẹ̀yin fúnra yín kò mọ ti ẹni tí ẹ ó ṣe.

Ti Baba ni kí ẹ ṣe. House of Ga'a ni kí ẹ wò ní Sátidé. Kì í ṣe pé òun ló dára jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí bó bá jẹ́ ti ìtàn tí wọ́n farabalẹ̀ sọ, Aníkúlápó ni mo máa mú. Ìdí mi ni pé Baba mọ ìtàn Gáà kí fíìmù tó mọ̀ ọ́n, wọ́n á ní ohun tí wọ́n á fi kún un àti ohun tí wọ́n á bá a jà lé lórí, àwọn ọmọ á sì yíjú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n sí ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù ní òru tí dátà ti dínwó, kí iná tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má baà já yín kulẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ gbé àga Baba sún mọ́ ibi tí ohùn ti ń jáde, kì í ṣe ibi tí àwòrán ti hàn jù. Ẹ pa ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ fún ìdajì wákàtí, kí ẹ fara da ìkùnsínú àwọn ọmọ. Níbi tí ìfẹ́ bá ti fẹ́ pọ̀ jù lójú àwòrán, ẹ lè fò ó, kò ba ìtàn jẹ́.

Bí dátà bá ṣẹ́kù, Lísàbí apá kìíní ní Sátidé kejì, kí apá kejì tẹ̀ lé e kí Baba tó padà sí Ìkìrun. Jagun Jagun kò sá lọ, àwọn ọmọ lè wò ó lórí fóònù wọn ní ọgbà yunifásítì.

Ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ Agbọ̀nyín, ẹ má wo tẹlifíṣọ̀n, ojú Baba ni kí ẹ wò. Kí ẹ wá sọ fún mi ohun tí wọ́n sọ.